Ìgò Omi Mẹ́ta: Ohun Tí Àwọn Alárìnkiri Inú Ọ̀gọ̀dọ̀ Ń Sọ

Ẹ̀yin alága ìjókòó, ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níwájú, ẹ̀yin olùkọ́ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kún ẹ̀yìn gbọ̀ngàn bámúbámú, mo kí gbogbo yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi. Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé ìkíni nìkan lè gba ogójì ìṣẹ́jú lọ́wọ́ mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè wọlé sọ́rọ̀.

Ìgò mẹ́ta ló wà lórí tábìlì yìí. Inú ọ̀gọ̀dọ̀ mẹ́ta ni mo ti bù wọ́n. Ẹ wo ìgò kìíní: omi inú rẹ̀ mọ́ gaara, èèyàn lè ti ẹ̀yìn rẹ̀ kàwé. Ẹ wo ìkejì: àwọ̀ ewé ni, ó sì ki. Ẹ wo ìkẹta: òun náà mọ́ gaara bíi ti kìíní. Bí ẹnì kan bá pààrọ̀ ààyè kìíní àti ìkẹta mọ́ mi lọ́wọ́, láti ibi tí mo dúró sí yìí, n ò ní mọ̀ ọ́n, àfi tí mo bá yí ìdí ìgò wo àmì tí mo lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìbéèrè mi rèé. Nínú ọ̀gọ̀dọ̀ mẹ́ta yìí, èwo lara rẹ̀ dá? Ẹ nawọ́ sókè, ẹ má bẹ̀rù.

Ó dáa. Ẹni méjì péré ló nawọ́ sí ìgò kejì, mo sì fura pé wọ́n fẹ́ fi mí ṣeré ni. Ẹ̀yin yòókù pín sí kìíní àti ìkẹta. Ẹ rántí ibi tí ẹ nawọ́ sí o. A ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Ta ni wọ́n?

Ní 1887, onímọ̀ ará Jámánì kan, Victor Hensen, wá orúkọ fún àwọn ohun abẹ̀mí tí omi ń gbé kiri, tí wọn ò lágbára àtibá ìṣàn omi jà. Ó yá ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ èdè Gíríìkì, ó pè wọ́n ní plankton. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni alárìnkiri. Àwọn tó jẹ́ ewéko nínú wọn ń ṣe oúnjẹ pẹ̀lú oòrùn. Àwọn tó jẹ́ ẹranko là ń pè ní zooplankton, àwọn ni mo torí wọn wá síbí lónìí.

Mo ní ẹranko. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Wọ́n ní ẹnu, wọ́n ní ìfun, wọ́n ń yé ẹyin. Àwọn kan ní ọkàn tó ń lù, ara wọn sì mọ́ débi pé èèyàn lè máa ka ìlùkìkì ọkàn wọn láti òde. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, ọkàn ẹranko kékeré yẹn ni mo jókòó tì.

Agbo ilé ńlá mẹ́ta ni wọ́n nínú omi tí kò níyọ̀. Àkọ́kọ́ ni rotifer. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní oníkẹ̀kẹ́, torí irun wínníwínní tó yí ẹnu rẹ̀ ká ń jù bí ẹni pé kẹ̀kẹ́ ń yí. Púpọ̀ nínú wọn ò tó ààbọ̀ mìlímítà. Ìkejì ni cladocera, ìdílé Daphnia, èyí tó ń fò sókè sódò nínú omi. Jan Swammerdam, ará Nẹ́dálándì, ti ṣàpèjúwe rẹ̀ láti 1669. Ẹni tójú rẹ̀ dá lè rí Daphnia ńlá láìlo awò kankan. Ìkẹta ni copepod, ìyẹn ẹlẹ́sẹ̀ àjẹ̀. Àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ojú omi ni mo wí o! Ẹ má gbọ́ ọ sí nǹkan mìíràn, kí ẹ má lọ sọ nílé pé mo ní àwọn kan wà nínú ọ̀gọ̀dọ̀.

Kí la fẹ́ fi ohun tó kéré báyìí ṣe? Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Àárín gbùngbùn ni wọ́n wà. Àwọn ló ń jẹ ewéko wínníwínní àti bakitéríà tó wà nísàlẹ̀ wọn. Àwọn náà ni ọmọ ẹja ń jẹ ní kété tó bá ti lanu. Ohun tó bá ṣe ìsàlẹ̀, wọ́n á mọ̀. Ohun tó bá ṣe òkè, wọ́n á mọ̀. Ìgbésí ayé wọn sì kúrú: ọ̀pọ̀ oníkẹ̀kẹ́ kì í lò ju ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ẹja lè fara da ìyà fún oṣù mélòó kan kó tó fi hàn. Oníkẹ̀kẹ́ ò ní àyè ìfaradà bẹ́ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìran kan ti lọ, ìran mìíràn ti gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ní 1674, oníṣòwò aṣọ kan ní ìlú Delft, Antonie van Leeuwenhoek, bu omi láti inú adágún kan tí wọ́n ń pè ní Berkelse Mere. Omi adágún yẹn a máa mọ́ nígbà òtútù, ṣùgbọ́n tí ooru bá mú, á dà rú, ohun aláwọ̀ ewé á sì máa léfòó káàkiri inú rẹ̀. Àwọn ará abúlé ní ìrì tó ń sẹ̀ nígbà náà ló ń fà á. Bàbá aláṣọ yìí ò bá wọn jiyàn. Ó gbé omi náà sábẹ́ awò tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ó sì rí àwọn ẹ̀dá tí ń rìn, tí ń yí, tí ń sáré. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn yìí ni pé ìbéèrè bàbá yẹn náà ni tiwa lónìí: kí ló ń ṣe omi yìí? Inú omi náà ló sì ti wá ìdáhùn lọ.

Pípọ̀ kọ́ ni àlàáfíà

Kókó tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé ló kàn. Ọ̀nà tí mo gbà kọ́ ọ kò dùn mọ́ mi.

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n rán mi lọ sídìí ọ̀gọ̀dọ̀ kan tí àwọn olówó rẹ̀ ń ṣiyèméjì sí. Mo bu omi, mo fi àwọ̀n sẹ́ ẹ, mo gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, mo bẹ̀rẹ̀ sí kà. Mo kà á títí ọrùn fi ń ro mí. Wọ́n ń wọ́ tìtì ni! Inú mi dùn ṣìnkìn. Mo sáré bá olùkọ́ mi, mo ní, "Sà, ọ̀gọ̀dọ̀ yẹn ò ṣàìsàn rárá o. Ẹranko inú rẹ̀ ò lóǹkà!"

Bàbá ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Irú mélòó?"

Mo ní, "Sà?"

Wọ́n ní, "Iye tí o kà kọ́ ni mo bi ọ́. Irú mélòó ni?"

Mo padà sídìí awò mi. Irú mẹ́ta ni. Mẹ́ta péré. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní Brachionus, ló gba ilé, tó gba ọ̀nà. Oṣù kan ò pé lẹ́yìn náà tí ẹja inú ọ̀gọ̀dọ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí yọ ẹnu síta ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tí wọ́n ń wá èémí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tó fi jẹ́ àfẹ̀mọ́júmọ́? Torí pé tí oòrùn bá ti wọ̀, ewéko wínníwínní tó kún omi kì í pèsè ọ́síjìn mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń mí in. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti mí tirẹ̀, ó ti mí ti ẹja mọ́ ọn.

Ìgò kejì yẹn, bí omi ọ̀gọ̀dọ̀ yẹn ṣe rí gan-an nìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ: ajílẹ̀ láti oko tàbí ẹ̀gbin láti ilé ń ṣàn wọ inú omi, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti náítírójìn pọ̀ jù, ewéko wínníwínní bá gbèrú. Èyí tó sábà máa ń borí lẹ́yìn ọ̀rẹyìn ni irú tó máa ń so pọ̀ bí okùn tàbí bí òṣùṣù, tí àwọn mìíràn nínú wọn tún ní májèlé. Daphnia ò rí i jẹ, ó ń há a lẹ́nu. Ṣùgbọ́n oníkẹ̀kẹ́ kéékèèké tó ń jẹ bakitéríà àti èérún, àsìkò tirẹ̀ dé nìyẹn.

Báwo la wá ṣe ń wọn "oríṣiríṣi" yìí kó má di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán? Ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ò bá ti omi lọ rárá ló bá wa wá ọ̀nà. Claude Shannon, ará Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí wáyà tẹlifóònù ló ń gbé yẹ̀wò nígbà tó gbé ìṣirò kan jáde ní 1948. Àwọn onímọ̀ àyíká rí i, wọ́n yá a lò. Eré ọmọdé ni ìdí rẹ̀: ẹ di ojú, ẹ ki ọwọ́ bọ garawa, ẹ mú ẹranko kan. Ǹjẹ́ ẹ lè sọ orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó lajú? Bó bá ṣe ṣòro sọ tó, bẹ́ẹ̀ ni oríṣiríṣi inú garawa náà pọ̀ tó.

Ẹ gbà á báyìí. Garawa méjì, ẹranko 100 nínú ìkọ̀ọ̀kan, irú 10 nínú ìkọ̀ọ̀kan. Nínú garawa àkọ́kọ́, irú kọ̀ọ̀kan ní ẹranko 10. Nínú èkejì, irú kan ní 91, àwọn mẹ́sàn-án yòókù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ bá mi ka orí, méjèèjì dọ́gba. Ẹ bá mi ka irú, méjèèjì dọ́gba. Ṣùgbọ́n ìṣirò Shannon fún àkọ́kọ́ ní 2.30, ó fún èkejì ní 0.50. Àparò kan ò ga jùkan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Nínú garawa kejì, àparò kan ti gun orí ebè.

Ta ni kò wá?

Nǹkan kan wà tí àwọn tó fẹ́ràn ìṣirò máa ń gbàgbé, èmi náà sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nọ́ńbà ò lórúkọ. Omi méjì lè ní 1.8 nínú ìṣirò Shannon, kí ẹni tó wà nínú ọ̀kan má wà nínú èkejì rárá. Nígbà tí mọ̀lẹ́bí bá pé jọ, ṣé orí nìkan là ń kà? A kì í wo ẹni tí kò wá ni?

Tí Daphnia bá wà àmọ́ tí ara rẹ̀ pọ́n, ẹ fura sí ọ́síjìn. Tí ọ́síjìn bá dínkù, ó ń pèsè ẹ̀jẹ̀ pupa sí i kó lè rí ìwọ̀nba tó kù gbé, ara rẹ̀ á sì fi hàn. Tí Daphnia bá lọ pátápátá, ọ̀rọ̀ di méjì, di mẹ́ta. Ó lè jẹ́ oògùn apakòkòrò. Cladocera kì í fara da á, kékeré ńlá wọn, débi pé yàrá àyẹ̀wò káàkiri ayé ń lo Daphnia láti dán májèlé wò: wọ́n á kó wọn sínú omi tí wọ́n fura sí, wọ́n á sì wò ó lẹ́yìn wákàtí 48, mélòó ni kò lè lúwẹ̀ẹ́ mọ́. Oníkẹ̀kẹ́ máa ń lágídí jù wọ́n lọ níwájú ọ̀pọ̀ irú oògùn bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń jogún ilé. Ó tún lè jẹ́ pé omi ti kan. Nọ́ńbà tí a fi ń wọn kíkan omi là ń pè ní pH, bó bá ṣe ń rẹlẹ̀ ni omi ń kan sí i. Tó bá rẹlẹ̀ dé nǹkan bíi 5, ọ̀pọ̀ Daphnia ti kó ẹrù wọn.

Láàárín oníkẹ̀kẹ́ fúnra wọn náà, ẹni tó bá wá ṣe pàtàkì. Ní 1983, onímọ̀ omi kan, Vladimír Sládeček, kọ ọ́ pé kí a ka iye irú tó wà nínú ìdílé Brachionus, kí a fi iye irú tó wà nínú ìdílé oníkẹ̀kẹ́ mìíràn, Trichocerca, pín in. Tí èsì kò bá tó 1, oúnjẹ inú omi ò pọ̀. Láàárín 1 sí 2, ó wà ní àárín. Tó bá ju 2 lọ, omi ti yó jù. Mo fẹ́ràn rẹ̀ torí ó rọrùn. Mi ò sì gbà á gbọ́ délẹ̀, torí Brachionus fẹ́ràn omi gbígbóná, ó sì máa ń pọ̀ níbi tí ooru wà, yálà omi ṣàìsàn tàbí kò ṣàìsàn.

Ẹ má tètè dájọ́

Ibí yìí ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣìnà. Wọ́n á débi omi, wọn ò ní rí Daphnia ńlá kankan, wọ́n á kígbe pé, "Májèlé!" Ẹ rọra.

John Brooks àti Stanley Dodson gbé iṣẹ́ kan jáde ní 1965. Wọ́n wo zooplankton inú adágún Crystal ní Connecticut, ní Amẹ́ríkà, bó ṣe rí ní 1942 àti bó ṣe rí ní 1964. Ní 1942, àwọn ńláńlá wà níbẹ̀, Daphnia wà láàárín wọn. Ní 1964, wọ́n ti pòórá, àwọn kéékèèké bíi Bosmina ló kù. Ṣé ẹnì kan da oògùn sí i ni? Rárá o. Ẹja kan tó ń ṣa zooplankton jẹ ló ti wọ adágún náà láàárín ìgbà méjèèjì. Ojú ni ẹja fi ń ṣọdẹ, èyí tó bá tóbi ló ń rí. Àwọn kéékèèké yè é torí wọn ò tó wò lójú ẹja.

Nítorí náà, kí ẹ tó fẹ̀sùn kan oko tó wà lókè odò, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé ẹja wo ló wà nínú omi, ìgbà wo ni wọ́n sì kó o síbẹ̀. Tí àwọn ńlá bá lọ ṣùgbọ́n tí àwọn cladocera kéékèèké ṣì wà wámúwámú, ẹja ni mo kọ́kọ́ ń rò. Tí kékeré ńlá bá jọ lọ, ọkàn mi kì í balẹ̀.

Ìkìlọ̀ mìíràn rèé. Omi tí oúnjẹ inú rẹ̀ kéré gan-an lè ní irú díẹ̀ kó má sì ṣàìsàn kankan. Àárín, níbi tí oúnjẹ ò ti pọ̀ jù tí kò sì kéré jù, ni oríṣiríṣi ti sábà máa ń ga jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ọ̀gọ̀dọ̀ kan kọ́ ni kí wọ́n fi wé òmíràn. Kí wọ́n fi ọ̀gọ̀dọ̀ wé ara rẹ̀, bó ṣe rí lésìí àti bó ṣe rí lónìí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí o: ara dídá ọ̀gọ̀dọ̀ ò sọ pé omi rẹ̀ ṣeé mu. Ẹ ò rántí sòbìà? Inú copepod kékeré kan, cyclops, ni ọmọ aràn yẹn máa ń fara pamọ́ sí. Èèyàn á mu omi, á gbé copepod mì, aràn á wọlé. Ní 1986, ìṣirò fi yé wa pé nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ èèyàn ló ń kó o lọ́dún. Ní 2023, ẹni 14 péré ló kó o ní gbogbo ayé. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi wà lára ohun tó mú un dínkù bẹ́ẹ̀. Copepod tí inú èmi ń dùn láti rí nínú ọ̀gọ̀dọ̀, n ò fẹ́ rí i nínú ife mi.

Bí a ṣe ń ṣe é

Mi ò ní pẹ́ níbí, torí mo rí alága tí wọ́n ń wo aago. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà kan la sábà ń lò, ṣùgbọ́n oníkẹ̀kẹ́ tó kéré jù ń yọ́ gba ibẹ̀ kọjá, nítorí náà ẹ fi omi díẹ̀ pamọ́ tí ẹ ò sẹ́. Ẹ bù ú ní àárín, ẹ tún bù ú láàárín ewéko etí omi, torí ọ̀pọ̀ irú ò jẹ́ kúrò níbẹ̀. Ẹ tún lọ lálẹ́. Daphnia tó mọ̀ pé ẹja ń bẹ máa ń sá sísàlẹ̀ lọ́sàn-án, á sì gòkè wá jẹun lóru. Mo mọ ẹnì kan tó kọ ìwé pé Daphnia ti tán nínú omi kan, a sì lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ẹ ò bá rí ojú rẹ̀.

Ẹ má sì lọ lẹ́ẹ̀kan. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ẹni tó pọ̀ lóṣù yìí lè má sí níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, kí ohunkóhun má sì ṣe omi. Tí ẹ bá sì fẹ́ mọ bí ọ̀gọ̀dọ̀ ṣe rí kí ẹ tó débẹ̀, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà. Tí ìnira bá dé, Daphnia máa ń yé ẹyin kan tó ní èèpo líle, ẹyin náà á rì sínú ẹrẹ̀, ó sì lè pa lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2021, àwọn onímọ̀ ròyìn oníkẹ̀kẹ́ kan tó jí padà láti inú ilẹ̀ dídì ní Siberia lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 24,000. Ó jí, ó sì bímọ!

Ó wá ku ìgò kìíní àti ìkẹta, àwọn ìbejì wa. Omi ọ̀kan mọ́ torí pé àwọn tó ń jẹ ewéko wínníwínní wà lẹ́nu iṣẹ́: Daphnia ńlá, ẹlẹ́sẹ̀ àjẹ̀ oríṣi mẹ́rin, oníkẹ̀kẹ́ tí irú rẹ̀ tí mo kà dé mọ́kàndínlógún. Wọ́n ń sẹ́ omi náà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Omi èkejì mọ́ torí pé ó kan, pH rẹ̀ ò tó 5. Ewéko ò rí àyè gbèrú níbẹ̀, ẹni tó máa jẹ ẹ́ náà ò sì sí. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi wá inú rẹ̀, irú méjì ni mo rí.

Ẹ̀yin tí ẹ nawọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa bọ̀ wá síwájú. Ẹ gbé ìgò méjèèjì síwájú iná yìí, ẹ dúró tì wọ́n fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wo inú èwo ni nǹkan ti ń fò. Awò wà lọ́wọ́ ọ̀tún fún ẹni tójú rẹ̀ ò bá gbé e. Ẹ má sì yí ìdí ìgò wò o, mo ń ṣọ́ yín.